Àtíbàbà Ẹnu Lẹ́ńsì: Bí Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Sí Nínú Àwòrán Ṣe Ń Ba Àwòrán Jẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ra lẹ́ńsì kámẹ́rà ló máa ń bá ike dúdú kan pàdé nínú páálí rẹ̀, èyí tó rí roboto bí òrùka tàbí tí etí rẹ̀ yọ síta níbì kan tó sì gé wọlé níbòmíràn, tí wọ́n á sì dà á kọjú sẹ́yìn kọ́ sára lẹ́ńsì kó má baà sọnù, láìmọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe gan-an. Húùdù ni àwọn ayàwòrán ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Àtíbàbà lẹ́ńsì ni orí yìí yóò máa pè é. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó ń ṣíji bo gíláàsì iwájú lọ́wọ́ oòrùn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn wá. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàìmú ìbéèrè kan dání: bí oòrùn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sí nínú ohun tí kámẹ́rà kọjú sí rárá, ọ̀nà wo ló gbà wọ inú àwòrán tó fi lè bà á jẹ́?

Inú lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ńsì kámẹ́rà kì í ṣe gíláàsì ẹyọ kan ṣoṣo. Awẹ́ gíláàsì púpọ̀ ni, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀pá dúdú, tí àárín àwọn kan wú síta, tí àárín àwọn mìíràn sì jin wọlé, kí èyí tó wà lẹ́yìn lè máa tún àṣìṣe èyí tó wà níwájú ṣe. Lẹ́ńsì súùmù, ìyẹn èyí tó lè fa ohun tó jìnnà wá sí tòsí tó sì tún lè tì í padà, lè ní awẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú méjì, ojú iwájú àti ojú ẹ̀yìn. Nígbàkigbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú afẹ́fẹ́ wọ gíláàsì, tàbí tó ti inú gíláàsì bọ́ sínú afẹ́fẹ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń kọjá: lójú gíláàsì lásán tí wọn kò fi ohunkóhun kùn, bí ìdá 4 nínú 100 ló ń ta padà. Ìdá kékeré yìí náà ló ń jẹ́ kí ènìyàn rí ojú ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé lálẹ́. Bí awẹ́ 10 bá wà nínú lẹ́ńsì kan, ojú 20 ni ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ là kọjá, bí ojú kọ̀ọ̀kan bá sì ń yọ ìdá 4 nínú 100 ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tó máa dé ẹ̀yìn kámẹ́rà nígbẹ̀yìn kò ní pé ìdajì ohun tó wọlé.

Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà yìí kì í kàn parẹ́. Ó lè kúrò lójú awẹ́ karùn-ún, kó padà lọ bá ẹ̀yìn awẹ́ kẹta, kí awẹ́ kẹta náà tún dá apá kan rẹ̀ padà sí ọ̀nà ẹ̀yìn kámẹ́rà, níbi tí agbàmọ́lẹ̀ wà, ìyẹn pèpéle pẹlẹbẹ kékeré tó gba ipò fíìmù nínú kámẹ́rà òde òní. Agbàmọ́lẹ̀ kò mọ èyí tó gba ọ̀nà tààrà wá yàtọ̀ sí èyí tó ti ta kiri kó tó dé. Gbogbo èyí tó bá bà lé e ló ń kà mọ́ àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ aṣáko ni orúkọ tó bá irú ìmọ́lẹ̀ tó ta kiri bẹ́ẹ̀ mu, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà hàn. Nígbà mìíràn, yóò tàn ká gbogbo ojú àwòrán bí ìgbà tí kùrukùru bá bo ìlú, tí ohun tó yẹ kó dúdú yóò di eléérú, tí àwọ̀ aṣọ yóò sì dà bí èyí tó ti ṣá. Nígbà mìíràn, yóò kóra jọ di àmì roboto tàbí àmì onígun mẹ́fà mélòó kan tó tò lẹ́sẹẹsẹ gba àárín àwòrán kọjá. Ìrísí ihò tí àwọn abẹ irin kéékèèké ń dá sínú lẹ́ńsì láti fi díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ni àwọn àmì náà ń gbé wọ̀.

Awakọ̀ tó bá ń wakọ̀ lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn ní ìrọ̀lẹ́ mọ ọ̀ràn yìí dáadáa, ì báà má mọ orúkọ rẹ̀. Láàárọ̀ tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, kò rí eruku kankan lójú gíláàsì iwájú ọkọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, gíláàsì kan náà di funfun báláú, kò sì rí kòtò tó wà níwájú mọ́ títí yóò fi já sí i. Ọ̀nà kò yí padà, eruku náà kò sì pọ̀ sí i ju ti àárọ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ lé gíláàsì fúnra rẹ̀ ló yí padà. Bí ọkọ̀ náà bá wọ abẹ́ afárá, kíá ni gíláàsì yóò mọ́ gaara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fọ̀ ọ́, nítorí afárá ti dí oòrùn lọ́nà kó tó kan gíláàsì, kò sì dí ojú ọ̀nà. Ohun tí afárá náà ṣe fún awakọ̀ yẹn ni àtíbàbà ń ṣe fún lẹ́ńsì.

Olùkà lè wá béèrè pé ṣé àwọn tó ń ṣe lẹ́ńsì kò rí nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ìtapadà ìmọ́lẹ̀ yìí ni. Wọ́n rí i ṣe, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n sì ṣe. Ní ọdún 1892, H. Dennis Taylor, tó ń ṣe lẹ́ńsì fún ilé-iṣẹ́ T. Cooke & Sons ní ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé lẹ́ńsì àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti pàwọ̀ dà nítorí ọjọ́ orí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá ju lẹ́ńsì tuntun tí ojú rẹ̀ ń dán lọ. Ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ náà lóréfèé yóò rò pé ìdọ̀tí ni àwọ̀ náà, àmọ́ ìkunra ni, èyí tí ọjọ́ fi kun gíláàsì fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó dájú láti fi ọwọ́ ṣe irú ìkunra bẹ́ẹ̀ kò yọjú àfi ní ọdún 1935, nígbà tí Alexander Smakula ní ilé-iṣẹ́ Zeiss ní Jámánì gbé ọ̀nà kan kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbà sun èròjà kan di ooru nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kí ooru náà lè bà lé ojú gíláàsì ní fẹ́ẹ́rẹ́ bákan náà yíká. Èròjà tó wọ́pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni magnesium fluoride. Nínípọn rẹ̀ kò ju bí 100 nanomítà lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá to irú ìkunra náà léra lọ́nà 10,000, gbogbo rẹ̀ kò ju mílímítà kan lọ.

Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, ó ní òkè, ó sì ní ìsàlẹ̀, bí ìgbì omi. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dé ojú ìkunra, díẹ̀ yóò ta padà láti orí ìkunra náà, díẹ̀ mìíràn yóò sì wọlé lọ ta padà láti ojú gíláàsì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nínípọn ìkunra náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ nínú èròjà náà, fún ìdí èyí, èyí tó lọ sísàlẹ̀ tó sì padà bọ̀ ti pẹ́ lẹ́yìn ní ìdajì ìgbì kan gẹ́lẹ́. Nígbà tí òkè ọ̀kan bá gòkè, ìsàlẹ̀ èkejì ló bá a pàdé, méjèèjì yóò sì pa ara wọn rẹ́. Agbára tí ì bá ta padà ló wá ń kọjá sínú lẹ́ńsì. Àwọ̀ kan péré ni nínípọn ẹyọ kan lè bá mu pérépéré, ìdí sì nìyẹn tí ojú lẹ́ńsì fi máa ń ní àwọ̀ elésè àlùkò tàbí àwọ̀ ewé tí ènìyàn bá gbé e síwájú gílóòbù: àwọn àwọ̀ tí ìkunra kò rí pa rẹ́ tán ló ń hàn. Lónìí, ìkunra púpọ̀ ni wọ́n ń to léra, èyí tó ta padà lójú kan kò sì tó ìdá kan nínú 100 mọ́, ó tilẹ̀ lè máà tó ìdajì ìdá kan.

Síbẹ̀, oòrùn kì í ṣe ẹgbẹ́ ohun mìíràn tí lẹ́ńsì ń wò. Mímọ́lẹ̀ ojú oòrùn ju ti ojú sánmà aláwọ̀ búlúù lọ ní ìlọ́po tó lé ní 100,000. Bí ìtànṣán rẹ̀ bá ta padà lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́ńsì, tó sì jẹ́ ìdajì ìdá kan nínú 100 ló ta padà nígbà kọ̀ọ̀kan, ohun tó kù jẹ́ ìdá kan nínú 40,000 oòrùn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń tàn ká kó tó bà lé agbàmọ́lẹ̀, ó ṣì pọ̀ tó láti hàn ketekete lórí òjìji tàbí lórí aṣọ dúdú. Ní ti eruku, ọ̀rá ìka ọwọ́ àti ẹ̀kán omi, ìkunra kò ní agbára kankan lórí wọn, nítorí pé orí rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, wọ́n sì ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká láti ibẹ̀. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tí kò wúlò fún àwòrán ni kó má tilẹ̀ kan gíláàsì rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àtíbàbà fún nìyí.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi ìrísí rẹ̀, igun ìríran lẹ́ńsì ló ń pàṣẹ. Igun ìríran ni fífẹ̀ ohun tí lẹ́ńsì lè rí láti etí kan àwòrán dé etí kejì. Lórí agbàmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ ní mílímítà 36 tó sì ga ní 24, lẹ́ńsì mílímítà 24 ń rí tó dígíríì 84 láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, ti mílímítà 50 ń rí bí 47, ti mílímítà 200 kò sì ju nǹkan bí 12 lọ. Ohun tó ń rí tóóró lè fara da àtíbàbà gígùn. Èyí tó ń rí gbàgà kò lè gbà ju ti kúkúrú lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ara ike náà ni yóò yọ nínú àwòrán, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì ṣókùnkùn. Ẹni tó bá yá àtíbàbà lẹ́ńsì gígùn fi bo lẹ́ńsì tó ń rí gbàgà ti sọ àwòrán onígun mẹ́rin di èyí tó rí roboto.

Èyí tí etí rẹ̀ yọ síta tó sì gé wọlé, tí ọ̀pọ̀ ń rò pé ẹwà lásán ni wọ́n fi ṣe, ló mọ ìṣirò jù nínú gbogbo wọn. Lẹ́ńsì rí roboto, àmọ́ agbàmọ́lẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, ó sì fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tí lẹ́ńsì ń fi ránṣẹ́ sí i kò fẹ̀ púpọ̀, ike lè yọ síwájú dáadáa níbẹ̀ láìhàn nínú àwòrán; ìdí nìyí tí ètè òkè àti ètè ìsàlẹ̀ fi gùn jù. Láti ọ̀tún dé òsì, ó fẹ̀ sí i, ètè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì kúrú ju àwọn yẹn lọ. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán ló jìnnà sí àárín jù lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gé ike náà wọlé jù. Bí ẹni tó ń lò ó kò bá yí i títí yóò fi dún kẹ́, kí ètè gígùn sì wà lókè àti nísàlẹ̀, àwọn igun tí wọ́n gé kò ní bá igun àwòrán mu mọ́, òkùnkùn yóò sì yọjú níbi tí kò yẹ.

Súùmù ni kò rọrùn fún àtíbàbà. Ibi tí lẹ́ńsì ti ń rí gbàgà jù ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wọn ike náà, bí ayàwòrán bá sì fà á síwájú láti mú ohun tó jìnnà, àtíbàbà yẹn ti kúrú jù fún iṣẹ́ tó kù. Àwọn kan wà tó bọ́ nínú wàhálà yìí pẹ̀lú ọgbọ́n. Lẹ́ńsì Canon EF 24-70mm f/2.8L tó jáde ní ọdún 2002 ń yọ orí síta nígbà tó bá ń rí gbàgà, ó sì ń fà á wọlé nígbà tó bá sún mọ́ 70. Ara ọ̀pá òde tí kì í lọ tí kì í bọ̀ ni wọ́n so àtíbàbà mọ́, nítorí náà, bí ìríran ṣe ń dín kù ni gíláàsì ń rìn wọ inú àtíbàbà lọ. Lẹ́ńsì tó ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Inú àtíbàbà gbọ́dọ̀ dúdú láìdán. Ike dúdú tó ń dán máa ń ta ìmọ́lẹ̀ padà gan-an bí ìmọ́lẹ̀ náà bá fi ẹ̀gbẹ́ gbá a, yóò sì ṣe bí ẹni tó ń lé olè níwájú tó ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó dára fi ní ìlà wẹẹrẹ nínú tàbí kí wọ́n fi aṣọ dúdú bí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì tẹ́ inú wọn. Àṣìṣe mìíràn ni ti àwọn tó rò pé ọ̀sán gangan nìkan ló wà fún. Nínú gbọ̀ngàn ayẹyẹ, níbi tí iná ti ń tàn láti orí òrùlé, láti ẹ̀gbẹ́ àga ìyàwó àti láti orí kámẹ́rà àwọn onífídíò, ìmọ́lẹ̀ aṣáko lè pọ̀ ju ti ìta lọ. Bí oòrùn tàbí iná bá wà nínú àwòrán gan-an, àtíbàbà kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Iṣẹ́ kejì tí àtíbàbà ń ṣe kò sí nínú ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ti gba ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì là. Bí kámẹ́rà bá rọ̀ lọ́rùn tó sì gbá igun tábìlì, ike náà ló kọ́kọ́ fara gbá. Ó máa ń tẹ̀ díẹ̀, ó lè já kúrò níbi tó ti há, ó sì lè fọ́; nínú èyíkéyìí tó bá ṣẹlẹ̀, agbára ìgbá náà ti tán sára rẹ̀ kó tó dé gíláàsì. Ti irin máa ń lágbára lójú, ṣùgbọ́n nítorí pé kì í tẹ̀, ó ń gbé ìgbá náà lọ tààrà sí ẹnu lẹ́ńsì. Àtíbàbà tún ń lé ìka ọmọdé, ewé igi àti òjò wínníwínní jìnnà sí gíláàsì.

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló gbójú lé fítà UV dípò rẹ̀, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń wé mọ́ ẹnu lẹ́ńsì. Nígbà ayé fíìmù, ó ní iṣẹ́ gidi, nítorí pé fíìmù máa ń rí ìtànṣán kan tí ojú ènìyàn kò rí, èyí tó ń sọ ohun tó jìnnà di aláwọ̀ búlúù. Níwájú agbàmọ́lẹ̀ òde òní, ohun tó ń dí ìtànṣán náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí fítà ń fi kún un báyìí ni ojú gíláàsì méjì mìíràn, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, èyí tó ń mú kí iná àdúgbò lálẹ́ hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú àwòrán. Ó tún tín-ín-rín gan-an ju gíláàsì iwájú lẹ́ńsì lọ, ìgbá tí lẹ́ńsì ì bá fara dà ló lè fọ́ fítà, kí àfọ́kù rẹ̀ sì ha ojú lẹ́ńsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Létí òkun, níbi tí omi iyọ̀ ti ń fò, àti níbi tí yanrìn ti ń fẹ́, fítà tó ní ìkunra dáadáa wúlò. Níbi iṣẹ́ ojoojúmọ́, àtíbàbà ló dára jù, nítorí pé kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọlé.

Ohun tó ń ba lẹ́ńsì jẹ́ jù ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ìgbá. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn ń gbé eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad, iyanrìn lẹ́búlẹ́bú sì wà nínú rẹ̀. Lórí ìwọ̀n líle tí Friedrich Mohs ará Jámánì gbé kalẹ̀ ní ọdún 1812, kuọ́tìsì tó wà nínú yanrìn wà ní ipò 7, gíláàsì sì wà láàárín 5 sí 6. Èyí tó le ló ń ha èyí tó rọ̀. Nítorí náà, ẹni tó fi etí bùbá nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú lẹ́ńsì ti fi yanrìn ha gíláàsì, kódà bí aṣọ náà bá rọ̀ bí òwú. Rọ́bà ìfẹ́ ni kó kọ́kọ́ fi fẹ́ eruku náà dànù, kí ẹnu lẹ́ńsì kọjú sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì onírun múlọ́múlọ́. Bí ọ̀rá ìka bá ṣì kù, kó kán omi ìfọlẹ́ńsì sára aṣọ ìnugíláàsì, kì í ṣe sára lẹ́ńsì, nítorí omi lè gba etí gíláàsì wọnú. Kó wá fi aṣọ náà nù ún yípo láti àárín lọ sétí. Ìlà tín-ín-rín kan lójú gíláàsì iwájú kì í sábà hàn nínú àwòrán, nítorí pé ó sún mọ́ lẹ́ńsì ju ibi tó lè rí kedere lọ; gíláàsì ẹ̀yìn, tó sún mọ́ agbàmọ́lẹ̀, ló yẹ kí ènìyàn máa bẹ̀rù.

Nígbà òjò, ọ̀tá mìíràn ń bẹ. Fúngọ́ọ̀sì, ìran ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu, ni irúgbìn rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, kò sì sí lẹ́ńsì tí kò wọ̀. Òkùnkùn, ọ̀rá díẹ̀ àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó lé ní ìdá 70 nínú 100 fún ọjọ́ mélòó kan ti tó fún un láti hù, yóò sì ta okùn wẹẹrẹ bí ti aláǹtakùn sójú awẹ́ inú lọ́hùn-ún. Ásíìdì tó ń tu jáde ń jẹ ìkunra, bó bá sì pẹ́, ó ń jẹ gíláàsì fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ti jẹ kò ṣe é tún ṣe. Báàgì aláwọ tí wọ́n tì pa sínú kọ́bọ́ọ̀dù ló fẹ́ràn jù. Àpótí ike tó dé pinpin, tí wọ́n sọ àpò horo sílíkà afàrinrin sínú rẹ̀, yóò ṣe ju báàgì olówó ńlá lọ, lẹ́ńsì tí wọ́n bá sì ń lò lóòrèkóòrè kì í sábà ní àrùn yìí. Bákan náà, lẹ́ńsì tó bá ti yàrá ẹ̀rọ amúlétutù jáde sínú ooru ìta yóò làágùn lójú ẹsẹ̀. Nínú àpò ọ̀rá tí wọ́n dì pinpin ni kó wà títí tí ara rẹ̀ yóò fi gbóná tó ti ìta.

Ọmọrí lẹ́ńsì kò ṣe é fi àtíbàbà rọ́pò. Lẹ́ńsì tó kọjú sí oòrùn ń kó ooru rẹ̀ jọ sójú kan, ó sì lè jó ohun tó wà nínú kámẹ́rà, nítorí náà, kí ọmọrí wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò bá sí.

Ẹni tó bá ń lọ ra àtíbàbà, nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe lẹ́ńsì náà kọ fún àtíbàbà rẹ̀ ni kó mú lọ sọ́jà, kó má gbẹ́kẹ̀ lé fífẹ̀ ẹnu lẹ́ńsì nìkan, nítorí pé lẹ́ńsì 24-105 àti 70-200 lè jọ ní ẹnu mílímítà 77, kí igun ìríran wọn sì jìnnà síra. Kó fi í sẹ́nu lẹ́ńsì níbẹ̀, kó fa súùmù dé ibi tó ti ń rí gbàgà jù, kó sọ ihò ìmọ́lẹ̀ di kékeré, nítorí pé ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì máa ń ṣókùnkùn ní igun fúnra rẹ̀ bí ihò náà bá ṣí sílẹ̀ gbàgà, kó sì ya ògiri funfun kan. Bí igun kan nínú àwòrán bá dúdú, àtíbàbà náà kì í ṣe ti lẹ́ńsì yẹn. Kó dá a padà fún ẹni tó ń tà á.